Akíwowo, Ọlọ́kọ̀ Ilẹ̀: Ìrìn Àjò Orin Kan

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Orin kan ṣoṣo ni mo gbé wá lónìí, ọ̀pọ̀ nínú yín á sì ti kọ ọ́ rí: Akíwowo, ọlọ́kọ̀ ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ojú irin tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn ní 1901, ọkọ̀ ilẹ̀ làwọn baba wa pe rélùwéè, torí pé orí omi ni ọkọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ń gbà. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Akíwowo inú orin. Ẹni tó wà lájò ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó gbé òun délé, ilé bàbá òun. Ohun tí orin náà ń sọ kò ju ìyẹn lọ.

Babátúndé Ọlátúnjí ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì ni, 1927 ni wọ́n bí i. Ìwé ló bá lọ sí Morehouse College ní Atlanta ní 1950, kì í ṣe ìlù. Àmọ́ nígbà tó rí i pé ohun táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ nípa Áfíríkà kò ju Tarzan inú sinimá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù àti orin là wọ́n lọ́yẹ. Ó dé New York, ó lùlù ní Radio City Music Hall, gbọ̀ngàn eré ńlá kan níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin, Columbia, sì pè é wá gba orin sílẹ̀. Àwo náà jáde ní 1960, wọ́n pè é ní Drums of Passion. Akíwowo ni orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ọlátúnjí ń lé, àwọn obìnrin ń gbè. Ta ni àwọn obìnrin wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ wọn, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni, tí wọ́n kọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá náà sórí kí wọ́n tó lè kọ ọ́. Ọkọ̀ omi ló kó àwọn baba ńlá wọn lọ, kò sì padà gbé wọn wálé. Àwọn ló wá ń fi ohùn ara wọn bẹ ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ pé kó gbé àwọn dé ilé bàbá àwọn. Mo ti gbọ́ àwo yìí láìmọye ìgbà. Ibi tí wọ́n bá ti ń gbè yẹn, mi ò lè ṣe nǹkan míì mọ́.

Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin ilẹ̀ Faransé, ṣe àwo tó ń jẹ́ Percussions. Ó mú orin mẹ́ta nínú iṣẹ́ Ọlátúnjí, orúkọ tara rẹ̀ ló sì kọ sí wọn lára. Akíwowo di New York USA. Ohùn orin ṣì wà níbẹ̀, lílé àti gbígbè ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti lọ, ilé bàbá ti lọ. Orúkọ ilé gogoro ló ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin sì ń dá a lóhùn pé ó ga, ó ga. Ọ̀kan nínú ilé tó dárúkọ ni Rockefeller Center. Inú ọgbà yẹn gan-an ni Radio City Music Hall wà, níbi tí Ọlátúnjí ti lùlù! Ó kọ orin nípa ibi iṣẹ́ ẹni tó ni orin, kò sì dárúkọ onítọ̀hún. Olè ni mo ń pè é, bó ti wù kí orin náà dùn tó.

Jin-Go-Lo-Ba, orin míì nínú Drums of Passion, ni Santana, ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, gbà sílẹ̀ ní 1969, òun sì ni ayé mọ̀ jù. Ní 2003, Ọlátúnjí kú ní California. Ní 2004, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, fi Drums of Passion sára àwọn àwo tí wọn ò ní jẹ́ kó parun.

Mo gbé àwo méjèèjì wá, ti Ọlátúnjí àti ti Gainsbourg. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti 1960 ṣáájú. Ẹ fetí sí àwọn elégbè.