Iṣẹ́ Abẹ Ìbàdí: Ohun Tí Ẹ Ó Bá Pàdé ní Tíátà àti Nílé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Àbújá àti gbogbo Òkè Ọya.

Bí dókítà bá ti dárúkọ iṣẹ́ abẹ ìbàdí, ìbéèrè kan ló máa ń gba ẹnu ẹbí: "Ṣé kò ní rọ?" Nínú iṣẹ́ físíò tí mo ń ṣe, ìyẹn fífi eré ìmárale tọ́jú ara, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà kan tó wọkọ̀ láti Ọ̀fà wá sí Kubwa nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rù yẹn ló ń mú kí ẹlòmíràn máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ fún ọdún méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ fojú inú wò ó. Eegun márùn-ún ló tò léra níbi ìbàdí. Fọ́nrán ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀, máa ń parí sí nǹkan bí eegun àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ti pín sí iṣan ìmọ̀lára tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ìrùkẹ̀rẹ̀. Àárín eegun kẹrin àti ìkarùn-ún, àti abẹ́ ìkarùn-ún, ni wàhálà tó ń gbé ènìyàn dé ìdí iṣẹ́ abẹ yìí ti wọ́pọ̀ jù. Ibẹ̀ náà ni ọ̀bẹ sábà máa ń lọ, fọ́nrán ńlá yẹn kò sì sí níbẹ̀. A ò ní purọ́ fún yín: iṣan lè fara pa, ẹ̀jẹ̀ lè ya, egbò lè kẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn rọ láti ìbàdí sísàlẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n gan-an.

Láàárín eegun kan sí èkejì ni tìmùtìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní dísìkì. Ìta rẹ̀ le, inú rẹ̀ rọ̀. Ẹ ronú ẹ̀kọ inú ewé tí ẹrù wúwo tẹ̀: ewé á ya, ẹ̀kọ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ohun tó yọ yẹn bá tẹ iṣan mọ́lẹ̀, ìrora á ti ìdí gba itan, á dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ní ti àwọn àgbà, ihò tí iṣan ń gbà kọjá ló sábà máa ń fún. Bí wọ́n bá rìn díẹ̀, ẹsẹ̀ á wúwo. Bí wọ́n bá jókòó, á fúyẹ́.

Èyí kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí o. Agbo jẹ̀dí kò lè ti ẹ̀kọ yẹn padà sínú ewé.

Ohun tó ń yani lẹ́nu ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìrora ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, pẹ̀lú oògùn ìrora àti físíò, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Nítorí náà, dókítà tó ní kí ẹ dúró ná kò fi yín ṣeré. Àfi bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò wá, tàbí tí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀, tàbí tí ojú ara àti ìdí kú tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára bí ẹ ṣe ń nu ún, tàbí tí ẹsẹ̀ ń di aláìlágbára sí i. Ìyẹn kò dúró de Mọ́ńdè. Òru ọjọ́ náà ni kí ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, irú National Hospital ní Àbújá tàbí ti Yunifásítì ní Gwagwalada.

Bí wọ́n bá wá ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, ẹ bi wọ́n léèrè: "Ṣé torí ẹsẹ̀ la fi ń ṣe é ni, àbí torí ẹ̀yìn?" Ìbéèrè yìí tóbi. Yíyọ dísìkì tó tẹ iṣan máa ń wo ìrora ẹsẹ̀ ju ìrora ẹ̀yìn lọ. Ẹni tí kò mọ èyí á jí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti fúyẹ́, síbẹ̀ á máa sunkún pé wọ́n tan òun jẹ torí pé ẹ̀yìn ṣì ń ro ó. Àwọn mìíràn, eegun tó fún iṣan lọ́rùn ni wọ́n máa ń gé díẹ̀ kúrò. Àwọn mìíràn, wọ́n á fi ìdè irin àti ọ̀pá so eegun pọ̀. Ìyẹn ló le jù, òun ló sì ń pẹ́ jù kó tó jiná. Bí ìyá yín kò bá gbọ́ Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí á túmọ̀ rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò fún dókítà, ásípírìn àti agbo pẹ̀lú. Ẹni tó ń mu sìgá, kó fi í sílẹ̀, torí kì í jẹ́ kí eegun tí wọ́n so pọ̀ tètè mọ́ra.

Ti inú tíátà kò gùn. Wọ́n á kùn yín lóorun, wọ́n á dà yín dojú bolẹ̀. Yíyọ dísìkì lè gba wákàtí 1 sí 2. Síso eegun pọ̀ lè gba 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá jí, ọ̀nà ọ̀fun lè máa dùn yín, rọ́bà ìtọ̀ sì lè wà lára yín.

Ọjọ́ kejì, nígbà mìíràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, a ó ní kí ẹ dìde. Ẹbí á figbe ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dìde, torí ìrìn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ẹsẹ̀. Ẹ fojú inú wo bí aláìsàn kan ṣe ń ṣe é. Ó ká orúnkún méjèèjì. Ó yí èjìká àti ìdí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí a yí ìtì igi, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ bọ́ sílẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì; bí ẹsẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ló ń fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ sókè. Ẹ̀yìn kò tẹ̀, kò sì lọ́. Ó mí kanlẹ̀ kó tó wá dúró. Ẹ má fà á lọ́wọ́.

Nílé, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ba, kò gbọdọ̀ lọ́ ẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ gbé ohun tó ju kílò 4 tàbí 5 lọ. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 tí mài ruwa gbé kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kílò 25 ni. Ẹ fún un lówó díẹ̀ sí i kó bá yín dà á sínú dúrọ́ọ̀mù. Ọmọ pípọ̀n, iyán gígún, ìgbálẹ̀ kúkúrú, gbogbo rẹ̀ á dúró. Mùsùlùmí lè kírun lórí àga.

Ìjókòó pípẹ́ náà ń dẹ́rù pa ẹ̀yìn. Ẹni tó ń gbé Mararaba tó ń ṣiṣẹ́ ní Central Area, gosíló Nyanya nìkan ti ju agbára rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn yíyọ dísìkì, iṣẹ́ ọ́fíìsì lè dúró ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, iṣẹ́ agbára á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ìrìn àjò Ìlọrin gba ọ̀nà Lọ́kọjá, kó sún un síwájú.

Bí ibà bá dé, tí ojú abẹ ń ṣọyún tàbí tí omi tó mọ́ gaara ń jò níbẹ̀, tí ẹsẹ̀ wú, tàbí tí àyà ń dùn yín tí ẹ ò lè mí dáadáa, ẹ padà kíákíá. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ ṣì kú díẹ̀, ẹ má fòyà. Iṣan kì í kánjú. Ó lè gba oṣù púpọ̀, àní ọdún kan.

Ìdọ̀bálẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan tí mo tọ́jú ti ń rìn dáadáa lọ́jọ́ kẹsàn-án. Bàbá ìyàwó rẹ̀ wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀ kí ìyàwó tó ké. Ara rẹ̀ ló ṣe é, kò tíì rò ó. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń lọ kí aláìsàn, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti sọ ọ́: "Dúró síbẹ̀, ọmọ mi. Mo ti gbà á."