Sóbò Yín Ni Yóò Yan Ẹ̀rọ fún Yín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹwòran wa ní Òṣogbo. Ẹ̀yin tí ẹ ń se sóbò tàbí kúnú, tí ọjà ti wá ju agbára ọwọ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò. Ohun mímu yín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Sóbò kì í ki. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kó ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú táǹkì òkè ti tó o. Kúnú ki, ó sì ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ̀rọ onípísítìnì, tó ń fi ọ̀pá tì í jáde, ló yẹ ẹ́. Ẹlẹ́rìndòdò ní ẹ̀rọ tirẹ̀, èyí tó ń fi gáàsì kún ìgò kí omi tó wọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò hó dà nù.

Sóbò náà máa ń hó tó bá ti òkè já bọ́. Ẹ bèèrè ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ ń wọlé dé ìdí ìgò, tó sì ń gòkè bí ìgò ṣe ń kún. Ẹ sẹ́ sóbò yín dáadáa. Èérún atalẹ̀ bíńtín tó bá há sẹ́nu ẹ̀rọ kò ní jẹ́ kó dé pa. Á máa kán, ara ìgò á tutù, lébẹ̀lì ò sì ní lẹ̀. Gbogbo ibi tí sóbò bá kàn, stainless 304, irin tí kì í tètè dípẹtà, ni kó jẹ́, torí kíkan rẹ̀ á jẹ irin lásán.

Ẹ wá wo ìgò yìí. Sóbò tó gbóná tó 85°C ni a rọ sínú ike PET lásán, irú èyí tí wọ́n ń rọ omi sí. Èjìká rẹ̀ ti hunjọ, ìdí rẹ̀ ti yọ síta, kò lè dúró lórí bẹ́líìtì tó ń gbé ìgò kọjá mọ́. Ike yìí ti ń rọ̀ tí ooru bá sún mọ́ 70°C. Tó bá jẹ́ gbígbóná lẹ fẹ́ rọ, ẹ ra ike tí wọ́n ṣe fún ooru, tàbí ìgò dígí. Tí ẹ bá mú un tutù kí ẹ tó rọ ọ́, inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà láti Òkè-Fìà dé Ọláìyá, kò sì ní pẹ́ nílẹ̀.

Òǹtajà lè sọ pé ẹ̀rọ ẹlẹ́nu mẹ́rin ń rọ ìgò 1,500 ní wákàtí kan. Ẹ ṣírò ó. Kí ìgò 50cl kún, ìṣẹ́jú àáyá 12. Kí wọ́n pààrọ̀ ìgò, 6. Ó di 18. Ìgbà 200 ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan, ní mẹ́rin mẹ́rin: 800 ìgò. Tí ẹ̀rọ ìdérí bá wá ń dé 500 péré, 500 ni iṣẹ́ yín. Ẹ má sì torí èrò ọdún Ọ̀ṣun inú oṣù kẹjọ ra ẹ̀rọ ńlá. Ọjà ojoojúmọ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ìdérí ìgò tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ oríṣi 1810 kì í bá ti oríṣi 1881 mu, bí ẹnu méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ mílímítà 28. Ẹ bèèrè bóyá iná fésì mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń lò. Mọ́tò máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, ẹ fi àyè ìyẹn sílẹ̀ lára jẹnẹrétọ̀.

Ẹ gbé sóbò, ìgò àti ìdérí tiyín lọ bá òǹtajà. Kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko. Ẹ wọn ìgò láti ẹnu kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì tẹ́ 20 sílẹ̀ gbalaja lórí bébà funfun. Tí pupa bá hàn lórí bébà, kí òǹtajà tún orí ẹ̀rọ tó ń dé ìdérí ṣe kí ẹ tó san owó tó kù.