Ìwé Gbèsè Bàbá Mi: Ohun tí Òṣómàáló Kọ́ Mi nípa Ìtàn

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí gbogbo yín kú ìkàlẹ̀. Àwọn tó pè mí wá sí Iléṣà yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ ìtàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí n la ẹnu láìkọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà, ìyẹn bàbá mi tó ti dolóògbé, ẹni tó ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Èkìtì àti Oǹdó.

Ẹ mọ ohun tí òṣómàáló jẹ́, àwa Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ará Ìbàdàn a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Wọn kò purọ́. Ohun tí wọn kò bi ara wọn léèrè ni bí àjèjì ṣe lè kó aṣọ fún ẹni tí wọn kò jọ wá láti ìlú kan náà, kí ó sì dúró títí wọn yóò fi ta kòkó kí ó tó gbowó. Kí ó tó lóṣòó rárá, ó ti ní láti mọ oko ẹni náà, àwọn àna rẹ̀, àti bóyá ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìmọ̀ ni òwò yẹn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ọ́, n óò sì tún un sọ kí n tó sọ̀kalẹ̀.

Ìwé gbèsè bàbá mi ní òpó mẹ́rin: orúkọ, irú aṣọ, iye owó, àti èyí tí n kò rí nínú ìwé oníṣòwò mìíràn rí, àwíjàre. Bí onígbèsè kò bá san, bàbá mi a kọ ohun tí onítọ̀hún wí bó ṣe wí i gan-an, kódà bí ó bá dá a lójú pé irọ́ ni. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1955, mo wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọlé, kò sì pẹ́ tí mo fi di akọ̀wé bàbá mi. Lọ́jọ́ kan, mo fo àwíjàre ọkùnrin kan nítorí pé ó gùn. Bàbá mi ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí n padà lọ kọ ọ́.

Orí òpó kẹrin yẹn ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ mi lé ní Ifẹ̀. Samuel Johnson, tó wà lára àwọn òjíṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, tí ìwé ìtàn rẹ̀ sì jáde ní 1921, ojú Ọ̀yọ́ ló fi wo ogun náà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n àwíjàre Ìjẹ̀ṣà kò tó mi nínú rẹ̀.

Aago ti lù. Ọ̀rọ̀ oríkì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tí mo kọ ojú ewé mẹ́sàn-án lé lórí, ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Ìgbà yìí ni màmá kan nàwọ́ sókè láti ẹ̀yìn: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn obìnrin tó gba aṣọ láwìn ńkọ́? Orúkọ ta ni bàbá yín kọ gbèsè wọn sí?” Ìdáhùn tí mo fún un kò dá èmi fúnra mi lójú.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé náà. Ìyàwó Lágbájá, ìyàwó Tàmẹ̀dò, bẹ́ẹ̀ ló rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ojú ewé kan, bàbá mi kọ àwíjàre ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ bó ṣe wí i: “Ó ní òun ló jẹ gbèsè, kì í ṣe ọkọ òun, kí n pa orúkọ ọkùnrin náà rẹ́.”

Kò pa á rẹ́.