Nígbà tí àwọn àgbà onítechno tún padà jókòó sídìí ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ sítúdíò sọ ní Tánkè, ní Ìlọrin, lọ́jọ́ Sátidé nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ jáde. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, mo kàn yọ ibi tí mo ti ń bá ẹni tó ń bójú tó jẹ́nẹ́rétọ̀ jà kúrò ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí kíbọ́ọ̀dù kan. Ní 1996 àwa márùn-ún la jọ dáwó ra Yamaha tòkunbọ̀ kan ní Ọ̀fà, à ń fi ṣeré níbi ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, láti Ọ̀fà dé Àjàṣẹ́ dé Òmù-Àrán. Ó ní rídíìmù kan báyìí nínú tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, á máa lù fúnra ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí ẹ̀ la ṣe ní kí onílù wa máa lọ sílé, àṣìṣe àkọ́kọ́ tá a ṣe nìyẹn. Nígbà tó di ọdún kẹta, ọ̀rọ̀ owó dé, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí, ẹnì kan lọ gba àsansílẹ̀ lẹ́yìn àwọn yòókù, bá a ṣe tú ká nìyẹn. Ìgbà tá a wá fẹ́ pín ẹrù, ẹnì kan gbé kíbọ́ọ̀dù, ẹnì kan mú adápítọ̀ ẹ̀, ẹnì kan gbé irin tá a máa ń gbé e lé, èmi mú wáyà, ẹni karùn-ún tí ò rí nǹkan kan mú, ó ká tapólì tá a fi ń bò ó lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Látọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rí i lò nínú wa.

Lọ́dún tó kọjá la tún pàdé níbi òkú ìyá ọ̀kan nínú wa ní Òmù-Àrán. A jẹun, a mu, ẹnì kan wá ní ṣé a ò lè tún jọ ṣe nǹkan ni. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo délé, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, ni mo bá lọ ń wá àwọn tó ti tú ká rí tí wọ́n sì tún padà jọ ṣe àwo, bí mo ṣe bára mi nídìí techno nìyẹn o, orin ijó tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ ó ní kí ló kan ará Ìlọrin nínú techno. Ó kàn wá, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rò pé orin àwọn òyìnbó Jámánì ni, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àmọ́ àwọn ọmọ dúdú ló gbé e dìde ní Detroit, ní Amẹ́ríkà, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, àwọn mẹ́ta yìí jọ lọ sílé ìwé ní Belleville, ìlú kékeré kan tí ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Detroit. Wọ́n ń gbọ́ orin Kraftwerk lórí rédíò, ìyẹn àwọn ará Düsseldorf ní Jámánì tí wọ́n gbé àwo Autobahn jáde ní 1974, wọ́n sì tún ń gbọ́ funk, orin ijó àwọn èèyàn tiwọn, wọ́n wá pò ó pọ̀ bí àwọn Fúlàní ṣe ń po fúrà mọ́ nùnú. Atkins àti Rick Davis, ẹni tó ti lọ jagun Vietnam rí, ló dá Cybotron sílẹ̀, orin wọn àkọ́kọ́ sì jáde ní 1981.

Ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń lò? Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ilé iṣẹ́ Roland ní Jàpáánì ṣe ẹ̀rọ ìlù kan tó ń jẹ́ TR-808 ní 1980, wọ́n ṣe nǹkan bí 12,000, wọ́n dáwọ́ ẹ̀ dúró ní 1983, wọ́n gbé àbúrò ẹ̀, 909, jáde lọ́dún yẹn náà, ìyẹn gan-an ò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Àwọn olórin ní ìró ẹ̀ ò jọ ìlù gidi, wọ́n ń bẹnu àtẹ́ lù ú. Bí owó ẹ̀ ṣe já wálẹ̀ nìyẹn, tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù, tí àwọn ọmọ tí ò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́ wá rí i rà. Tòkunbọ̀ ló bí techno, ẹ gbọ́ mi dáadáa, bí tòkunbọ̀ ṣe bí ẹgbẹ́ tiwa ní Ọ̀fà náà ni. Àwọn ò kàn pín adápítọ̀ ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Bọ́tìnì mẹ́rìndínlógún ló tò síwájú ẹ̀ lọ gbọọrọ. Ẹ tẹ ìkíní, ìkarùn-ún, ìkẹsàn-án àti ìkẹtàlá fún ìlù ńlá, ẹ ó gbọ́ gbì, gbì, gbì, gbì. Ẹ mú ìró irin tó ń ṣe ṣìì, ẹ fi sí ìkẹta, ìkeje, ìkọkànlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kó máa bọ́ sáàárín wọn. Ẹ wá da àtẹ́wọ́ lé ìkarùn-ún àti ìkẹtàlá. Ó parí. Ẹ sún eré ẹ̀ dé 130, ìyẹn gbì 130 láàrin ìṣẹ́jú kan, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ jẹun, ẹ ó bá a níbẹ̀. Mo ṣe é fún wọn lórí láptọ́ọ̀pù, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ń mi orí kí n tó yọwọ́ ńbẹ̀.

Ó dáa. Ẹ̀rọ yìí, ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sínú ẹ̀ ní 1985, tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ bákan náà lónìí, ohun tó máa lù náà nìyẹn, kò ní yá jù, kò ní fà. Onífújì tó bá lọ lógún ọdún tó padà dé, ohùn ẹ̀ á ti yí, a ó gbọ́ ọjọ́ orí nínú ẹ̀, ìyẹn nìkan gan-an tó adùn. Ẹ̀rọ ní tiẹ̀ ò kí ń dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ní fóònù lásán lè fọ́n ìró 808 síta bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Kí wá ni àwọn bàbá ọlọ́gọ́ta ọdún ń bọ̀ wá ṣe nídìí ẹ̀? Ohun tí mo rí ni pé nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n lè mú wá, òun náà ni bí ẹnì kan ṣe ń dá ẹnì kejì lóhùn, kẹ́nì kan mọ ìgbà tó yẹ kóun gbọ́wọ́ kúrò. Tí ìyẹn ò bá sí nínú àwo wọn, owó ìrántí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo Atkins yìí kan náà pẹ̀lú Moritz von Oswald, ará Jámánì. Lẹ́yìn tí wọ́n wó ògiri Berlin ní 1989, àwọn kan ṣí kíláàbù kan ní 1991 nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó owó pa mọ́ sí ní ilé ìtajà àtijọ́ kan, wọ́n sọ ọ́ ní Tresor, ìyẹn àpótí owó. Wọ́n tún ń gbé àwo jáde níbẹ̀. Atkins àti Moritz pẹ̀lú Thomas Fehlmann ti jọ ṣiṣẹ́ fún wọn ní 1992. Ọdún ń lọ, kálukú mú ọ̀nà tiẹ̀ pọ̀n. Ní 2008 rọpárọsẹ̀ kọ lu Moritz, ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń jẹun o, àmọ́ ó dìde. Nígbà tó di 2013 òun àti Atkins gbé àwo kan jáde ní Tresor, Borderland lorúkọ ẹ̀, wọ́n tún ṣe òmíì ní 2016. Ẹ lọ gbọ́ ti 2013 yẹn pẹ̀lú híá-fóònù, kì í ṣe sípíkà fóònù yín tó ń han-in han-in yìí. Kò sáré. Orin kan wà nínú ẹ̀, Electric Garden, tí wọ́n gbé yí síbí tí wọ́n gbé yí sọ́hùn-ún, bí àgbà méjì tó jókòó síwájú ilé lẹ́yìn ìrun alẹ́, ẹnì kan sọ gbólóhùn kan, èkejì pẹ́ kó tó fèsì, ó sì fèsì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kóun gbọ́ ọ bí orin agbo ijó, á sùn lọ. Èmi náà sùn lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ ṣá. Atkins àti Rick Davis ò rìn pẹ́, Davis fẹ́ kí wọ́n máa lọ sọ́nà rock, Atkins ní kò ṣeé ṣe, ó dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1985, ó pè é ní Model 500. Nígbà tí Cybotron tún gbé iṣẹ́ tuntun jáde ní 2023, Atkins wà níbẹ̀, Davis ò sí níbẹ̀. Orúkọ lè padà dé kí èèyàn má padà dé. Àwọn Orbital ní ìlú ọba ńkọ́, Phil àti Paul Hartnoll, ọmọ ìyá méjì, wọ́n pín yà ní 2004, wọ́n padà ní 2009, wọ́n ṣe àwo Wonky ní 2012, wọ́n tún pín yà ní 2014, wọ́n tún padà, òmíì jáde ní 2018. Ọmọ ìyá ò ṣáà lè kọ ara wọn tán.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kì í tilẹ̀ ṣe àwọn tó ti jọ wà rí. Tony Allen tiwa ni, ọmọ Èkó, ẹni tó lu ìlù fún Fẹlá ní Africa 70 kó tó fi í sílẹ̀. Bàbá yẹn ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún nígbà tó lọ lu ìlù fún Moritz yìí náà lórí Sounding Lines, ní 2015. Lẹ́yìn ìyẹn, òun àti Jeff Mills, ọmọ Detroit, jọ ṣe Tomorrow Comes the Harvest, ó jáde ní 2018. Mills kì í tẹ 909 kó wá káwọ́ gbera, ó máa ń fi ìka lù ú ni níwájú èrò, á yọ ìlù ńlá kúrò, á fi irin nìkan sílẹ̀, á tún dá a padà níbi téèyàn ò ti retí. Òun àti Tony wá kojú síra wọn. Ẹ tẹ́tí sí ẹsẹ̀ Tony níbẹ̀, kì í bọ́ sórí gbì-gbì yẹn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló máa ń gbà kọjá, bí ọlọ́kadà tó ń wá àyè láàrin mọ́tò ní Pósí Ọ́físì, tí kò sì ní kan ẹnikẹ́ni. Ní 30 oṣù kẹrin 2020, Tony kú sí Paris. Ká ní wọ́n ní káwọn ṣì dúró dìgbà tó bá rọrùn ni, a ò bá má rí nǹkan kan gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn sí bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é báyìí, ẹ̀yin ọmọ sítúdíò. Ẹ ó fi bíìtì ránṣẹ́ sí bàbá kan lórí WhatsApp, bàbá á gba ohùn sórí ẹ̀ nínú yàrá ẹ̀, adìẹ á máa kọ, ẹ ó pa adìẹ yẹn rẹ́, ẹ ó kọ orúkọ yín méjèèjì síwájú ẹ̀. Ẹ ò tíì fojú kan ara yín! Mo sọ èyí, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin kan wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó ọkọ̀ bàbá dà?" Ó rí ọ̀rọ̀ sọ. Mi ò ní èsì fún un.

Alàájì kan tó jókòó sẹ́yìn náà gbọ́wọ́ sókè. "Àbúrò, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ àwa níbí, orin Odòlayé Àrẹ̀mú la gbọ́ dàgbà. Nínú dadakúàdá, ọ̀rọ̀ lorin. Èyí tó ń ṣe gbì-gbì-gbì yìí, kí ló sọ?" Gbogbo ilé pariwo. Ìlọrin, ẹnu dùn juyọ̀, a kì í jẹ orin tí ò lọ́rọ̀ nínú. Mo ní òótọ́ ni, Alàájì, kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo gúdúgúdú láàrin àwọn dùndún, ṣé òun ló ń ki oríkì ni? Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú á kàn máa sọ ohun kan náà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọjọ́ tí ò bá sì wá, ìyáàlù gan-an ò ní mọ ibi tóun máa fẹsẹ̀ lé. Ẹ̀rọ yìí, gúdúgúdú ni. Ohun tá a ṣì ń wá ni ìyáàlù tó máa dúró sórí ẹ̀. Alàájì ní òun gbọ́, àmọ́ ojú ẹ̀ ò jọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè ẹ̀, torí náà mo ti mú bàbá onígángan kan wá láti Ìgbájà, ẹni tó ń lu ìlù kí wọ́n tó bí mi. Mo tan 909 orí láptọ́ọ̀pù sí 130. Bàbá gbé gángan sábẹ́ apá, ó lu díẹ̀, ó dúró. Ó ní, "Èyí ò mí." Ó tún gbìyànjú, ó ń sáré bá a, òógùn ń bọ́, ẹ̀rọ ò wojú ẹ̀. Ọmọ kan fẹ́ dín eré ẹ̀ kù, mo ní kó fi sílẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i, bàbá ò lépa ẹ̀ mọ́, ó ń jẹ́ kó kọjá, á wá sọ̀rọ̀ kan ṣókí sẹ́yìn ẹ̀, á dákẹ́, á tún sọ òmíì. Ó ki Alàájì tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú orúkọ bàbá ẹ̀, mi ò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Alàájì dìde, ó lẹ ẹgbẹ̀rún kan mọ́ ọn níwájú orí, ẹ̀rọ ṣì ń ṣe gbì-gbì-gbì tiẹ̀ lọ.

Mo ti ń ká wáyà, wáyà ọjọ́ yẹn náà ni o, mo ṣì ń lò ó, nígbà tí bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ béèrè ìyókù owó ẹ̀ ni. Ó na fóònù Nokia ẹ̀ sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, bá mi gbé e sínú eléyìí. Ibì kan wà láàrin tí mo ti ṣì í, mo fẹ́ lọ gbọ́ ọ."