Ibùsùn Ajá nínú Ooru Èkó: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Náwó

Ẹ ra ibùsùn fún ajá yín. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́, etí rẹ̀ ga yíká, irun fúlẹ́fúlẹ́ ló sì bò ó. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ajá ti padà sórí táìsì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kì í ṣe pé ó ya abara-móore-jẹ o. Ooru ló mú un.

Ajá kì í làágùn káàkiri ara bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń jáde. Ó máa ń yọ ahọ́n mí hẹlẹhẹlẹ kí ara rẹ̀ lè tutù, á sì fi ikùn, níbi tí irun ò ti pọ̀, lé ilẹ̀ tútù. Ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe ibùsùn onírun yẹn fún. Ní Súrùlérè, tí wọ́n bá mú iná lọ lágogo méjì òru tí fáànù dúró, ààrò ni.

Nítorí náà, ẹ má tíì mówó jáde. Ẹ fi òru méjì tàbí mẹ́ta wo bí ajá yín ṣe ń sùn. Èyí tó máa ń na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàntàn ń wá afẹ́fẹ́, ibùsùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò ní etí ló bá a mu. Èyí tó máa ń ká kò, tó fi imú sábẹ́ ìrù, tàbí tó ń gbé orí lé nǹkan, ẹ lè ṣe etí sí tirẹ̀, àmọ́ kí apá kan ṣí sílẹ̀.

Ìgbà tó bá na gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìgbà tó dúró. Ẹ mú téèpù télọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù. Ìrù fúnra rẹ̀ ò sí nínú ìṣirò. Ẹ fi ínṣì 6 sí 8 lé e, gígùn ibùsùn nìyẹn. Fún ìbú, ẹ wọ̀n láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìka ẹsẹ̀ tó nà jáde, kẹ́ ẹ fi ínṣì 4 kún un. Ká ní ajá yín jẹ́ ínṣì 34, ibùsùn tó gùn tó ínṣì 42 máa gbà á dáadáa. Ẹ ò tiẹ̀ nílò láti ra èyí tí wọ́n rán tán. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n gé fóòmù ẹsẹ̀ bàtà 6 ní 3½ sí méjì lágbedeméjì, ìkọ̀ọ̀kan á jẹ́ ínṣì 42 ní 36. Ajá méjì ti ríbi sùn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fóòmù yìí ló pọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Ẹ gbé e lé orí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kẹ́ ẹ fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ láàárín. Tí ìka yín bá kan tábìlì, ìgbọ̀nwọ́ ajá máa kan ilẹ̀. Ajá kékeré tí kò tó kílò 10 lè sùn lórí èyí tó nípọn tó ínṣì 2. Ajá ńlá bíi Boerboel tàbí Rottweiler nílò ínṣì 4 tó ki dáadáa. Tí irú wọn bá ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì lásán lójoojúmọ́, irun ìgbọ̀nwọ́ wọn á re, awọ ibẹ̀ á yi, á dúdú. Nígbà míì omi á gbá jọ sábẹ́ rẹ̀, á wú bí ẹyin. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un nílé, ibi tẹ́ ẹ bá gún ni kòkòrò àìsàn máa gbà wọlé. Dókítà ẹranko ló ni iṣẹ́ yẹn.

Fóòmù wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó sínú àpò kò wọ́n lóòótọ́, àmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbogbo rẹ̀ á ti sá lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àárín á ṣófo, ilẹ̀ ni ajá yóò sì padà sùn lé. Ẹ fi í sílẹ̀.

Aṣọ méjì ni kẹ́ ẹ fi bo fóòmù. Ti inú kó jẹ́ èyí tí omi ò lè gbà kọjá, irú èyí tí wọ́n fi ń bo tìmùtìmù ọmọ jòjòló. Tí ìtọ̀ bá wọnú fóòmù, fífọ̀ ò lè yọ ọ́ tán, òórùn tó kù níbẹ̀ ló sì máa ń pe ajá padà wá tọ̀ síbẹ̀. Ti òde kó jẹ́ aṣọ òwú, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àtijọ́ tàbí àǹkárá, kí télọ̀ fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Ẹ rán ti òde yìí ní méjì, torí lóṣù kẹfà àti ìkeje, aṣọ tẹ́ ẹ bá fọ̀ lónìí lè má gbẹ dọ̀túnla. Ẹ má tẹ́ èyí tó ṣì tutù o. Á bu, á sì máa rùn.

Tó bá jẹ́ ìta ni ajá yín ń sùn, ibùsùn ẹlẹ́sẹ̀ dára ju fóòmù lọ lójú tèmi. Kí kafíńtà fi igi 2 ní 2 kan férémù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga tó ínṣì 6, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ kọjá, kí ọ̀gbàrá má sì tètè bá a. Kó na tapólì tó nípọn lé e, kó yí etí rẹ̀ mọ́ igi lẹ́ẹ̀mejì kó tó kàn án, kí gbogbo ìṣó wà lábẹ́. Tí wọ́n bá kàn án lápá òkè, èékánná ajá á tú u. Ẹ fi orúnkún yín tẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá rọ̀ kanlẹ̀, ẹ dá a padà fún un kó tún un nà.

Eégbọn wá ńkọ́? Eégbọn pupa tó ń bá ajá wa jà kì í fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé lára ajá. Tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, á wọnú pàlàpálá ògiri tàbí ojú ìránṣọ, ibẹ̀ ni abo rẹ̀ ti ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin. Ìdí nìyẹn tí apẹ̀rẹ̀ oníhòhò àti ibùsùn tí wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ bọ́tìnì sí ò fi dára. Ẹ máa fi omi gbígbóná fọ aṣọ òde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ojú ìránṣọ. Kí wọ́n tọ́jú ajá fúnra rẹ̀ lásìkò kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ asán ni. Ẹ má ṣe fín òtapiápiá síbẹ̀. Dichlorvos, oògùn inú rẹ̀, lè mú kí ajá máa dà itọ́, kó máa gbọ̀n, kó kú. Àní NAFDAC fòfin de títa ìgò dichlorvos tí kò ju 100ml lọ.

Ọmọ ajá tí eyín rẹ̀ kò tíì pé, títí dé bí oṣù 7, ẹ má fún un ní fóòmù rárá. Á jẹ ẹ́, ó sì lè dí ìfun rẹ̀. Tó bá ń bì, tí kò yàgbẹ́, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìró àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ́ po ti tó o. Ajá arúgbó tí oríkèé ń dùn ní tiẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ibùsùn rẹ̀ ga, kó lè rìn bọ́ sórí rẹ̀ láìfò.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí: ibi tí òjò ò lè fẹ́ dé, tí kò sún mọ́ jẹnẹrétọ̀, torí èéfín rẹ̀ ń pa ajá bó ṣe ń pa èèyàn. Kó lè rí ẹnu ọ̀nà láti ibi tó wà, ọ̀pọ̀ ajá ò lè sùn fọkàn balẹ̀ níbi tí wọn ò ti rí ẹni tó ń wọlé. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi ìró kan kún un lálẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ tẹ́ aṣọ tó ti ń sùn lé tẹ́lẹ̀ sórí rẹ̀, kó gbóòórùn ara rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má fà á, ẹ má tì í. Tó bá tún sá lọ sórí táìsì lọ́sàn-án gangan, ẹ fi í sílẹ̀. Tí ilẹ̀ bá tutù nídàájí, á dìde wá a lọ fúnra rẹ̀.