Dáàmù Olówó, Ẹ̀mí Aráàlú

Ẹ kú ìjókòó o. Mo rí i pé ẹ̀yin tó ń sin ẹja ní Òṣogbo yìí pọ̀ nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀yin onílé ìgbafẹ́ náà ò sì gbẹ́yìn. Ẹ̀yin gan-an lọ̀rọ̀ yìí kàn, torí iyẹ̀pẹ̀ lọ̀pọ̀ yín fi sé odò, bíi tàwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ló mọ dáàmù South Fork, kí omi má baà gbẹ lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Ọdún 1853 ni wọ́n parí rẹ̀. Kò pẹ́ tí rélùwéè fi gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, dáàmù bá di àpatì. Ní 1879, Benjamin Ruff rà á, ó sọ ọ́ di ibi fàájì fún ẹgbẹ́ àwọn olówó Pittsburgh. Andrew Carnegie wà níbẹ̀, Henry Clay Frick náà wà níbẹ̀. Máìlì 14 sísàlẹ̀ wọn ni ìlú Johnstown wà.

Dáàmù náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 72, kì í ṣe gíga yẹn ló ṣe é léṣe. Páìpù irin tí wọ́n fi ń tú omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ni ín ṣáájú Ruff ti hú wọn tà, ẹgbẹ́ yìí ò sì fi òmíràn sí i. Wọ́n gé orí dáàmù wálẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin lè ráyè kọjá lára ara wọn. Wọ́n wá fi asẹ́ irin dí ojú ibi tí omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde, kí ẹja tí wọ́n fowó rà má baà bá omi lọ.

Asẹ́ yẹn ni kí ẹ bá mi wò. Ṣé ẹ ti rí nẹ́ẹ̀tì ojú adágún ẹja yín láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò rọ̀ mọ́jú? Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀ka igi, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, gbogbo rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Omi ò ráyè jáde mọ́, orí òkìtì ló kù tó máa gbà. Bó bá sì ti gorí iyẹ̀pẹ̀, ṣe ló máa ń jẹ ẹ́ bí òjò ṣe ń jẹ ògiri amọ̀ tí kò lórùlé.

Ní 1880, ilé iṣẹ́ irin Cambria ní Johnstown rán John Fulton lọ yẹ dáàmù náà wò. Ó ní àtúnṣe wọn ò kúnjú ìwọ̀n. Daniel Morrell, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, tiẹ̀ láwọn á dáwó sí i. Ruff ní kò séwu. (Ta ló ń kọ owó àtúnṣe ọ̀fẹ́? Olówó ni!)

Ní 31 oṣù Karùn-ún 1889, òjò ńlá ti rọ̀ mọ́jú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fa pàǹtí lójú asẹ́, wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ lé orí dáàmù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. John Parke, ẹnjiníà ẹgbẹ́ náà, gẹṣin lọ sí abúlé South Fork kí wọ́n lè tẹ wáyà sí Johnstown, àmọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sú wọn gbọ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, dáàmù ya. Kò ju bíi wákàtí kan lọ tí omi tó tó mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù fi já lu ìlú náà. Èèyàn 2,209 ló kú.

Àwọn tó yè pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́. Wọn ò rí kọ́bọ̀ gbà nílé ẹjọ́. Àmúwá Ọlọ́run ni wọ́n pè é. Carnegie ló wá fowó kọ́ ilé ìkàwé tuntun fún Johnstown, ilé náà ni wọ́n sì sọ di ilé àkójọ ìtàn omíyalé yẹn.