Tí Aláìsàn Bá Ní Òun Ti Sanra

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán. Ẹ sì kú òtútù, ẹ̀yin tá a jọ wà níbí ní Ìlú Ọba. Èmi nìkan ni mo jókòó ti ẹ̀rọ lónìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Gáà Àkànbí, nọ́ọ̀sì ni, ó ń múra àtiwá ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ nínú fídíò pé òun ti put on a bit of timber. Gẹdú wo ló wà lára èèyàn?” Mo ní màá dá a lóhùn níbí, torí òun nìkan kọ́ ló nílò ẹ̀.

Ọmọ mi, ẹran ara ni gẹdú yẹn. Àwọn ọkùnrin ló sábà máa ń sọ ọ́, nípa ara wọn. Spare tyre ni ẹran tó yí ikùn po, love handles ni ti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, muffin top sì ni èyí tó yọ jáde lókè ṣòkòtò tó fún. Tí Kérésì bá ti kọjá, “I’ve piled on the pounds” lo máa gbọ́ lẹ́nu tolórí tẹlẹ́mù, bí àwa náà ṣe máa ń ráhùn lẹ́yìn ẹran Iléyá. Pọ́n-ùn yẹn kì í ṣe owó o, ìwọ̀n ni, ọ̀kan ò tó ìdajì kílò. Stone náà, ìwọ̀n ni: pọ́n-ùn 14, ó lé díẹ̀ ní kílò 6. Àwọn àgbàlagbà ibí ò tíì jáwọ́ nínú ẹ̀. Tí màmá kan bá wá ní òun ti fi stone méjì kún ara, bíi kílò 13 ló ń sọ yẹn, kì í ṣe kékeré. Freshman fifteen, ìyẹn pọ́n-ùn 15 tí wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi sanra lọ́dún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ni, o lè má gbọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú ni pé ẹni tó ni ara ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Nílé wa, ẹlòmíì ló máa ń sọ ọ́ fún ọ. Tí mo bá délé, tí mo yà sí ọjà Ìpàtà, kí n tó nawọ́ sí tàtàṣé báyìí, ìyá aláta á ti pariwo: “Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ o! Ara yín ti dáa, wọ́n ń tọ́jú yín!” Mo fẹ́ràn ẹ̀ dọ́ba. Ó ń bá mi dúpẹ́ pé mi ò jìyà lájò ni. Mo sì ń wọn ikùn mi náà o, torí láti 2022 ni NICE, àwọn tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní England, ti ní kí ìwọ̀n yíká ikùn má tó ìdajì gíga èèyàn, àti pé BMI (ìṣirò tó ń fi ìwọ̀n ara wé gíga) 23 ni kí ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún àwa tá a wá láti Áfíríkà, kì í ṣe 25.

Níbí, aláìsàn lè pe ikùn ara ẹ̀ ní táyà kó tó jókòó, ìwọ ò gbọdọ̀ bá a pè é bẹ́ẹ̀. Má rẹ́rìn-ín jù ú lọ. Má sì sáré sọ pé kò sanra, torí irọ́ ni, ó sì mọ̀. Bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ló máa ń ṣí nǹkan. Ẹlòmíì, òògùn stẹ́rọ́ìdì ló ń lò. Ẹlòmíì, ọkàn ẹ̀ ni kò lágbára mọ́, omi wá ń gbá jọ sí i lára: ìwọ̀n á fò sókè láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹsẹ̀ á wú, èémí á máa gé. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, tètè pe dókítà.

Gbólóhùn kan sì wà tí kò sí eré nínú ẹ̀ rárá: I’ve let myself go, ìyẹn ni pé òun ò tọ́jú ara òun mọ́. Tó o bá gbọ́ ọ, gbé bíírò sílẹ̀. Ìyá kan sọ ọ́ fún mi rí. Ó ń gbìyànjú láti de káádígáànì ẹ̀, bọ́tìnnì àárín ò dé ojú ihò, ó ń fà á, ó ń fà á, kò wojú mi. Mo ní ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní látìgbà tí ọkọ òun ti kú ni, pé bísíkíìtì àti tíì ni òun ń jẹ lálẹ́, kò sẹ́ni tí òun fẹ́ máa dáná fún mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀fọ̀ a máa mú èèyàn rù. Opó tó bá sanra, a máa ń sọ pé ara ti tù ú. Ara ò tu ìyá yìí. Ẹkún ló ń sun tó fi ń ja bọ́tìnnì, ẹnikẹ́ni tó bá bá a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀ lóun nìkan.

Tó o bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé, kílò ni kó o fi kọ ìwọ̀n. Gbólóhùn tó tẹnu aláìsàn jáde, kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, fi àmì àyọlò sí i, má tún un ṣe. Dókítà tó máa kà á lẹ́yìn ẹ nílò méjèèjì. Ó dàbọ̀ o.